Èéfín Ọkọ̀ Òkun: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ ń kàwé níbi tí ó jìnnà sí ilé yìí, mo mọ̀ pé bí púpọ̀ nínú yín bá rí àkọlé òkè yìí, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun? Ṣé àwa la ni ín ni?" Ìbéèrè náà dára. Òun gan-an ni ó mú mi mú gègé. Àwa tí a kò ní ọkọ̀ ni orí tí wọ́n ń fá lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé abẹ ti jáde nínú àkọ̀.

Ẹ wo ara yín ná. Ṣòkòtò òkìríkà tí ẹ wọ̀ lọ sí kíláàsì, mọ́tò tòkunbọ̀ tí ó gbé yín láti ilé wá, àlìkámà tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì àárọ̀, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín, orí òkun ni gbogbo wọn gbà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú gbogbo ẹrù tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń tà fún ara wọn, ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí ọkọ̀ òkun ń kó. Àní orúkọ tí a sọ mọ́tò yẹn pàápàá, òkun wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí owó ọkọ̀ òkun bá gbé pẹ́ẹ́lí, àpò wa ni yóò kọ́kọ́ gbọ́.

ỌKỌ̀ TI PÀÀRỌ̀ OÚNJẸ RẸ̀ RÍ

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Atẹ́gùn ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ ń jẹ. Ọkọ̀ onígbòkun ni àwọn òyìnbó fi kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì àti sí Kúbà. Bí atẹ́gùn bá dúró, ọkọ̀ náà a dúró. Lẹ́yìn èyí ni èédú dé. Ní 1852, ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company tí Macgregor Laird dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ tí ń jẹ èédú kó lẹ́tà àti ẹrù láti Ìlú Ọba wá sí etíkun wa. Iná ni wọ́n ń dá sábẹ́ ìkòkò omi ńlá. Ooru omi náà ni ó sì ń yí ẹ̀rọ. Nígbà tí ó di 1912, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Selandia gbéra láti Copenhagen ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ó kọrí sí Bangkok. Ẹ́ńjìnnì dísù ni ó ń lò. Díẹ̀díẹ̀ ni epo gba ipò lọ́wọ́ èédú láti ìgbà náà. Ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951, tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ẹ́ńjìnnì dísù ni òun náà ń lò.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ òkun ti pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀. Ní ìgbà méjèèjì, èrè ni ó mú kí oníṣòwò pààrọ̀. Èédú kì í dúró de atẹ́gùn. Epo kò gba àyè tó èédú, kò sì fẹ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí yóò máa kó ṣọ́bìrì bọ iná tọ̀sán-tòru. Ìpààrọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí ó kàn báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tuntun náà wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Kò sí oníṣòwò tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí ó wọ́n, tí yóò fi èyí tí ó pọ́ọ̀kú sílẹ̀, bí òfin kò bá tì í. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

KÍ NI Ó Ń JẸ BÁYÌÍ?

Bí wọ́n bá fọ epo rọ̀bì tán, tí wọ́n ti yọ pẹtiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù kúrò nínú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan a máa kù sí ìsàlẹ̀. Ó ki bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí ojú títì. Àfi kí wọ́n gbé e gbóná kí ó tó lè ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì. Òun ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń jẹ fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé kò wọ́n, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Imí ọjọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ tí ń ṣe òfin ọkọ̀ òkun fún gbogbo àgbáyé, èyí tí a ń pè ní IMO, fi pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2020, imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àfi bí ọkọ̀ náà bá ní ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín. Ìdá 3.5 ni wọ́n gbà láyè tẹ́lẹ̀.

Àṣẹ yẹn mú imí ọjọ́, kò mú kábọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì yóò tètè lóye èyí. Bí epo bá ń jó, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ a máa so mọ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà tọ́ọ̀nù epo kan ṣoṣo a máa di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ yìí kò ṣe é fi ojú rí, ṣùgbọ́n ó ń bo ayé mọ́ra bí ẹni da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ènìyàn nínú ooru. Ní 2018, ohun tí gbogbo ọkọ̀ òkun àgbáyé tú sókè lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan. Ó sún mọ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ọmọ aráyé ń tú jáde. Bí ọkọ̀ òkun bá jẹ́ orílẹ̀-èdè ni, yóò wà lára mẹ́wàá tí ó burú jù.

Kí a má purọ́ mọ́ ọkọ̀ òkun o. Bí a bá ní kí tírélà tàbí bàálù kó ẹrù kan náà lọ sí ọ̀nà jíjìn kan náà, èéfín tiwọn yóò ju ti ọkọ̀ òkun lọ fíìfíì. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ṣe pọ̀ tó ni ó sọ èéfín rẹ̀ di ńlá. Nígbà tí Malcom McLean, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi ọkọ̀ Ideal X kó kọ̀ńténà ní 1956, méjìdínlọ́gọ́ta péré ni ó kó. Àwọn ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ lónìí ní àyè fún kọ̀ńténà kéékèèké tí ó ju 24,000 lọ.

Àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ ohun tí ayé tí ń gbóná lè ṣe. Ní 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí etí òkun, ní ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wọn lọ. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á, ṣùgbọ́n omi òkun tí ń ga sí i bí ayé ti ń gbóná wà lára rẹ̀.

OÚNJẸ TUNTUN

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni pé kí ọkọ̀ rọra rìn. Bí ọkọ̀ bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín eré rẹ̀ kù, epo tí ó ń jó ní wákàtí kan lè fi nǹkan bí ìdá 27 dín kù. Lóòótọ́, ìrìn náà yóò pẹ́ sí i. Síbẹ̀, bí ó bá fi máa dé èbúté, epo tí ó jó yóò ti fi nǹkan bí ìdá 19 dín. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi tọ́jú owó wọn.

Àwọn mìíràn ti padà sọ́dọ̀ atẹ́gùn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Anton Flettner, ará Jámánì, ri òpó gíga méjì mọ́ orí ọkọ̀ tí ń jẹ́ Buckau. Òpó náà ń yí bírí; bí atẹ́gùn bá kọ lù ú, a ti ọkọ̀ síwájú. Epo pọ́ọ̀kú nígbà náà, ni wọ́n bá gbàgbé rẹ̀. Ní 2023, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń jẹ́ Pyxis Ocean gbéra láti Ṣáínà lọ sí Bùràsíìlì, ó ní ìyẹ́ méjì lórí tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 37. Ìyẹ́ náà kò rọ́pò ẹ́ńjìnnì o, ó kàn ń bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ ni.

Bátìrì ńkọ́? Ilẹ̀ Nọ́wè ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, Yara Birkeland, tí bátìrì nìkan ń gbé, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Bátìrì tí yóò gbé ọkọ̀ ńlá láti Ṣáínà dé Àpápá yóò wúwo débi pé ẹrù kò ní rí àyè jókòó.

Gáàsì ni àwọn kan mú. Wọ́n a sọ ọ́ di tútù dé ìwọ̀n 162 sí ìsàlẹ̀ òdo, a sì di olómi. Irú èyí ni Nàìjíríà ti ń kó láti Bonny lọ tà ní òkè òkun láti 1999. Èéfín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré sí ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé díẹ̀ nínú gáàsì náà lè sá jáde láìjó. Láàárín ogún ọdún, tọ́ọ̀nù kan irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ń mú ayé gbóná ju tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kan lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 80.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù tún wà. Ẹbí ọtí ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ún lè fọ́jú tàbí kí ó kú. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n sọ ọkọ̀ Laura Maersk lórúkọ ní Copenhagen, ọkọ̀ kọ̀ńténà àkọ́kọ́ tí ó lè jẹ mẹ́tánọ́ọ̀lù. Agbára tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bí ìdajì ti epo lọ, nítorí náà táńkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi. Amóníà náà wà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Kò ní kábọ́ọ̀nù nínú rárá, ṣùgbọ́n májèlé ni. Bí ó bá jò nínú ọkọ̀, ẹ̀mí àwọn atukọ̀ wà nínú ewu.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nípa méjèèjì yìí. Kì í ṣe orúkọ epo ni ó ń sọ ọ́ di mímọ́, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti rí i. Bí wọ́n bá ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí amóníà láti ara èédú tàbí gáàsì bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, èéfín tí a lé kúrò lójú òkun ti jókòó sí ilé iṣẹ́ lórí ilẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá fi iná oòrùn, iná atẹ́gùn tàbí ìdọ̀tí oko ṣe é kí ó tó ní ìtumọ̀. Ìyẹn ni ó sì wọ́n.

ÌPÀDÉ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ta ni yóò wá pàṣẹ? Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ kan: ará Gíríìsì ni ó ni ín, Kòríà ni wọ́n ti kàn án, àsíá Líbéríà ni ó ta, ọmọ Fílípíìnì ni àwọn atukọ̀ rẹ̀, ẹrù Ṣáínà ni ó kó wá sí Èkó. Èéfín ta ni? Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn Kyoto lórí ayé tí ń gbóná ní 1997, wọn kò rí i pín. Wọ́n gbé e lé IMO lọ́wọ́. Abẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni IMO wà, Lọ́ńdọ̀nù sì ni ibùjókòó rẹ̀.

Ní 2018, àjọ náà ní kí wọ́n dín èéfín ọkọ̀ kù sí ìdajì, ó kéré tán, kí ó tó di 2050. Ní 2023, wọ́n mú un le sí i: ní nǹkan bí 2050, àpapọ̀ èéfín ọkọ̀ gbọ́dọ̀ di òdo. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n fọwọ́ sí àbá òfin tí yóò mú un ṣẹ. Ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó 5,000, tí èéfín rẹ̀ sì kọjá ààlà, yóò san 100 dọ́là tàbí 380 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe kọjá ààlà tó. Inú àpò kan ni owó náà yóò wọ̀. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti fún àwọn ọkọ̀ tí èéfín wọn kéré ní ẹ̀bùn, tí wọn yóò sì ti ran àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè 63 gbà, 16 kọ̀. Sáúdí Arábíà wà lára àwọn tí ó kọ̀. Àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, tí òkun fẹ́ gbé mì, kò dìbò síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, nítorí pé lójú tiwọn, àbá náà kò le tó.

Oṣù kẹwàá 2025 ni ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ìjọba Amẹ́ríkà ní bí orílẹ̀-èdè kan bá gbà á, àwọn lè fi owó orí ọjà àti ọ̀rọ̀ físà jẹ ẹ́ níyà. Sáúdí Arábíà ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú fún ọdún kan. Orílẹ̀-èdè 57 gbà pé kí wọ́n sún un, 49 kọ̀. Báyìí ni ìpàdé náà ṣe tú.

ÀPÒ TA NI OWÓ Ń LỌ?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ọpẹ́ ni fún Olúwa, a bọ́ lọ́wọ́ owó gọbọi." Ẹ̀rù kan wà lóòótọ́ nínú òfin náà. Orílẹ̀-èdè tí ń fi ọkọ̀ kó àlìkámà wọlé yóò rí i pé búrẹ́dì wọ́n sí i, aláìní ni yóò sì kọ́kọ́ kérora. N kò ní fi ojú kékeré wo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wò.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó parapọ̀ kò dúró de IMO. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń ka èéfín ọkọ̀ tí ó bá wọ èbúté wọn. Bí ọkọ̀ bá ti ilẹ̀ mìíràn wá tàbí tí ó ń lọ síbẹ̀, ìdajì èéfín ìrìn náà ni wọ́n ń kà. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ sanwó lé lórí fún 2024, ó di ìdá 70 fún 2025, ó sì di gbogbo rẹ̀ fún 2026. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ti fi owó yìí kún owó ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sílé. Ọkọ̀ ńlá tí ó gbé kòkó Oǹdó láti Èkó lọ sí Amsterdam wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tí ó ń ra kòkó kì í fẹ́ kí èrè tirẹ̀ dín. Ó lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò san fún àgbẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kó mọ́tò tòkunbọ̀ láti Antwerp wá sí Èkó náà ń san tirẹ̀, ẹni tí ó ra mọ́tò ni yóò sì dá a padà. Níbo ni owó náà ń wọ̀? Àpò àwọn ìjọba Yúróòpù àti àpò tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí tiwọn ni. Kòkó wa ń sanwó èéfín, ilé ẹlòmíràn ni owó náà ń tún ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá a óò san án tàbí a kò ní san án ni ìbéèrè tí ó kù. A ti ń san án. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé àpò wo ni yóò wọ̀: àpò kan tí gbogbo ayé ní ẹ̀tọ́ sí, tí a lè fi tún èbúté wa ṣe, àbí àpò ẹni tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́? Bí àdéhùn àgbáyé bá túbọ̀ ń falẹ̀, àwọn alágbára yóò máa gba tiwọn lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwa yóò sì máa san án lọ láìrí èlé kankan.

Ẹ̀rù kejì tún wà. Bí Yúróòpù bá lé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ kúrò ní èbúté wọn, níbo ni ọkọ̀ náà yóò lọ? Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ́tò tòkunbọ̀ lè dáhùn fúnra yín.

KÍ NI KÍ ÀWA ṢE?

Nàìjíríà ní ọkọ̀ òkun tirẹ̀ rí. Ní 1959 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba sílẹ̀, ní 1995 ni wọ́n tú u ká. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ àjèjì ni ó ń kó ẹrù wa, àjèjì ni ó sì ń dá iye lé e. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni wọ́n ṣí èbúté Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, tí ọkọ̀ ńláńlá lè wọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń jẹ oúnjẹ tuntun yóò máa yà ní ibi tí oúnjẹ náà bá wà. A ní oòrùn. Bí iná oòrùn wa bá pọ̀ tó, a lè fi ṣe mẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí amóníà tí a óò tà fún ọkọ̀ tí ń kọjá lọ. Bí a kò bá ṣe é, èbúté mìíràn ní Áfíríkà yóò ṣe é, ọkọ̀ kéékèèké ni yóò sì máa kó ẹrù wa láti ọ̀dọ̀ wọn, tí a óò san owó ẹ̀ẹ̀mejì.

Gbogbo èyí fẹ́ ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́. Ẹni tí ń ka kẹ́mísírì, epo tuntun wà níbẹ̀ fún un. Ẹni tí ń ka ẹ̀rọ, ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ wà ní Oron. Ẹni tí ń ka òfin tàbí ọrọ̀ ajé, irú àwọn báyìí ni wọ́n ń rán lọ jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù láti ka àbá òfin ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ìjọba tó dìbò. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Orílẹ̀-èdè tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kàn máa wo ojú ẹlòmíràn kí ó tó na ọwọ́ sókè.

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkòrí àríyànjiyàn kan: Ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà gba òfin owó èéfín ọkọ̀ òkun? Kí apá kan gbè é, kí apá kejì takò ó, kí ẹnu àgbẹ̀ kòkó àti ti ìyá oníbúrẹ́dì sì wà nínú ohun tí a óò sọ. Ẹni tí ó bá ní èrò tí ó yàtọ̀ sí tèmi, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé ìròyìn wa.